Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá lórí owó epo, ojú títì àti èéfín

Sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìrìnnà, iṣẹ́ òde, ìnáwó àti àyíká,

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń dé ọwọ́ yín lójúmọ́ ò lóǹkà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo bá wá: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àfikún owó 5% lórí epo ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ ṣòfin tí yóò máa darí bí wọ́n ṣe ń ná owó náà. Kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lè máa rí iye tó wọlé lóṣooṣù àti ibi tó gbà lọ, kí apá kan gúnmọ́ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọkọ̀ èrò àti ti afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú.

Ẹ̀yin lẹ ṣe òfin ọ̀hún. Ó wà nínú òfin owó orí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2025. Ẹ yọ kẹrosíìnì ilé, gáàsì ìdáná, CNG (gáàsì tí ọkọ̀ ń lò dípò epo) àti agbára tí kì í ba àyíká jẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ẹ sì fi ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sọ́wọ́ mínísítà ètò ìnáwó láti kéde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí ìgboro, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fárígá, aráàlú náà sì pariwo. Kò yà mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ ti sọ pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦185 ti di ohun tó lé ní ₦600 kí oṣù méjì tó pé, kí ọdún 2024 sì tó parí ó ti kọjá ₦1,000. Owó ọkọ̀ bá a gòkè, oúnjẹ bá owó ọkọ̀ gòkè.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ pa òfin náà rẹ́. Èmi gbà pé ẹni tó ń lo títì, tó sì ń tú èéfín sójú ọ̀run, yẹ kó dá nǹkan sílẹ̀ fún àtúnṣe méjèèjì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a ti rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2007, ilé yín kan náà tún òfin tó dá FERMA, àjọ àtúnṣe títì ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ ṣe, ó sì fi 5% sórí iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù àti dísù. Òfin ọ̀hún pín in ketekete: 40% fún FERMA láti tún títì ìjọba àpapọ̀ ṣe, 60% fún àwọn ìpínlẹ̀ láti tún tiwọn ṣe. Ìwé ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Owó náà ò dé ojú títì bí òfin ṣe là á sílẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, a ò sì rí ẹnikẹ́ni tó wá dáhùn níwájú yín kí aráàlú gbọ́. Títì wa, tí wọ́n fojú bù sí nǹkan bíi kìlómítà 195,000 káàkiri Nàìjíríà, ń jẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí dòní.

Kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí, mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ìrìnnà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kí n kọ ọ́ sí. Ta wá ni onítọ̀hún? Reluwé wà lábẹ́ mínísítà ìrìnnà. Títì ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ mínísítà iṣẹ́ òde. Láti oṣù kẹjọ 2023, èbúté àti ọkọ̀ ojú omi ti bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ tuntun tó ń rí sí ọrọ̀ ajé orí omi. Bàálù ní mínísítà tirẹ̀. Ètò CNG, láti ọ́fíìsì Ààrẹ ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Tọ́kùnbọ̀ tó ń wọlé, kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń gbà á wọlé, ìnáwó ló sì wà lókè wọn. Bí imí ọjọ́ (sulphur), tó ń mú kí èéfín burú, ṣe gbọ́dọ̀ mọ nínú epo, SON, àjọ tó ń fi ìwọ̀n sí ọjà, ló ń fi ìwọ̀n sí i, àwọn tó ń bójú tó epo rọ̀bì ló sì yẹ kó ṣọ́ ọ. Èéfín ìdí sílénsà di ti NESREA lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àyíká. Ẹ̀sọ́ ojú pópó jẹ́ ti FRSC. Ìwé ọkọ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wọn, àmọ́ bí ọmọ ìlú bá bèèrè ìdí tí afẹ́fẹ́ gáréèjì fi ń ta á nímú, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè sọ pé, “Èmi ni kí o mú.” Àbá òfin tó fẹ́ dá National Transport Commission sílẹ̀, kí àjọ kan lè máa ṣàkóso gbogbo rẹ̀, ti ń wọ ilé yín tó ń jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdi òfin. Òfin tó dá àjọ reluwé sílẹ̀ gan-an, ọdún 1955 ni wọ́n ti ṣe é, kí a tó gba òmìnira. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè pe gbogbo wọn sórí àga kan lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká wo èéfín náà fínnífínní, torí òun ni wọ́n sábà máa ń fi sẹ́yìn bí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀. Tọ́kùnbọ̀ tó bá dé ní nǹkan kan lábẹ́, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sílénsà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kátálíìsì. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, wọ́n sì fi irin olówó ńlá bíi platinum àti palladium bò ó. Òun ló ń sọ májèlé inú èéfín di ohun tí kò lè pani lára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí irin yẹn, àwọn kan ń kiri ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láti máa rà á. Mo ti dúró wo bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́: wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n gé e níwájú, wọ́n gé e lẹ́yìn, wẹ́dà sì jó páìpù òfìfo sójú ibẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ka owó sápò, inú rẹ̀ dùn, wọ́n tilẹ̀ ní ọkọ̀ náà á máa já dáadáa sí i. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun tí kátálíìsì ì bá dá dúró, inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù ló gbà lọ. Tó bá yá, ọkọ̀ yìí kan náà á gba ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ lójú títì. Mo mọ àwọn tó gba ìwé yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fojú kan ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ wà nílé, ìwé ti délé bá a.

Ohun tí èyí ń ṣe fún wa kò pamọ́. World Bank ṣe ìwádìí lórí afẹ́fẹ́ Èkó, wọ́n sì fojú bù ú pé ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ pa nǹkan bí ènìyàn 11,200 láìtọ́jọ́ ní 2018, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ka ọkọ̀ ojú títì mọ́ àwọn ohun tó ń fà á jù, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ rántí pé Èkó nìkan nìyẹn. Onítṣà, Àbá, Kánò àti Ìbàdàn kò sí níbẹ̀.

Àwọn òfin tó lè dá a dúró ti wà nílẹ̀, èyí ló sì ń dùn mí jù. Ní 2020, UNEP, àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìwádìí jáde pé láàárín 2015 sí 2018, Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ránṣẹ́ sáyé, ó sì ju ìdajì lọ tó wá sí Áfíríkà nínú èyí tó lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ECOWAS ṣe ìlànà: kí imí ọjọ́ inú epo tó ń wọlé má kọjá 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan), kí ọkọ̀ tó ń wọlé dé ìwọ̀n Euro 4 ó kéré tán, ìyẹn ìwọ̀n Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga sí ni èéfín ṣe gbọ́dọ̀ kéré sí, kí a sì dín ọjọ́ orí ọkọ̀ àlòkù kù díẹ̀díẹ̀. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní 2021, ìjọba wa fi ìwé ìlérí ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé títí di 2030 a ó fi agbára ara wa dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù ní 20% sí iye tí ì bá jẹ́ bí a ò bá ṣe nǹkan kan, a ó sì dé 47% bí wọ́n bá ràn wá lọ́wọ́. Inú ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí gbogbo ọkọ̀ ti dé ìwọ̀n Euro III ní 2023. Ọdún náà dé, ó kọjá. Ní oṣù kọkànlá 2021, ẹ ṣe òfin ìyípadà ojú ọjọ́, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tí yóò máa bójú tó o, ẹ sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ ò rí i pé ibi tí ó kù sí ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn? Ìlú tí kò sófin, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀. Tiwa ní òfin jaburata.

Ẹ má sì jẹ́ ká da gbogbo ẹ̀bi yìí bo awakọ̀. Ẹni tó bá ń wọ dánfó lójoojúmọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ ò tíì kún, àwọn agbèrò ti gba owó gáréèjì. Ó dé bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó tẹ̀ lé e, òmíràn ti sá tẹ̀ lé e, kọndọ́kítọ̀ á sì na owó jáde lójú fèrèsé kí ọkọ̀ tó dúró tán. Bí kò bá san, wọ́n á yọ wápà, tàbí kí wọ́n gba kókó epo lọ. Níbòmíràn wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, níbòmíràn ọwọ́ lásán ni. Ìjọba Èkó gbìyànjú ní oṣù kejì 2022, wọ́n kó gbogbo owó náà pọ̀ di ₦800 lójúmọ́ fún ọkọ̀ èrò. Mo fara mọ́ èrò tó wà nídìí rẹ̀, torí owó tí a bá kó pọ̀ ṣeé kà. Ohun tó kù káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ni kí a kà á lójú gbogbo ayé. Owó tó ń ti ojú fèrèsé jáde yẹn ni owó tí awakọ̀ ì bá fi pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, tó ì bá fi fọ ínjẹ́kítọ̀, tó ì bá fi tún ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì ṣe. Bí kò bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, ọkọ̀ á máa tú èéfín dúdú, èrò á máa wúkọ́. Ọ̀rọ̀ àkóso owó àti ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ò ṣeé yà sọ́tọ̀ rárá.

Ẹ tún wo bí epo fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn. Ní oṣù kẹwàá 2024, tankà dojú dé ní Májìyà ní ìpínlẹ̀ Jigawa, iná sọ, ó sì lé ní ènìyàn ọgọ́rùn-ún tó kú síbẹ̀. Oṣù kìíní 2025, òmíràn ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí tún lọ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé aráàlú ló lọ bu epo. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lọ bu epo, ó sì yẹ ká kìlọ̀ fún wọn. Àmọ́ kí ló dé tí epo tí Àríwá ń jó fi ní láti gba ojú títì tó ti bàjẹ́, lórí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti gbó, tí awakọ̀ rẹ̀ ò sùn? Páìpù epo tó yẹ kó gbé e ti bàjẹ́, reluwé ò sì gbé e tó bó ṣe yẹ. Ilé ìfọpo tó lè fọ àgbá 650,000 lóòjọ́ wà ní Lekki, ó sì ti ń ta bẹntiróòlù láti oṣù kẹsàn-án 2024. Èbúté Lekki tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023 kò jìnnà sí i. Wọ́n kọ́ méjèèjì láìní ojú irin kan tó so wọ́n mọ́ ara tàbí mọ́ ìyókù orílẹ̀-èdè. Tírélà ló kó gbogbo rẹ̀ sórí. Lẹ́yìn ohun tí ojú àwọn ará Apapa rí lọ́wọ́ tírélà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣòro fún mi láti gbà pé ẹnikẹ́ni tún lè gbà kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ibi tí a ti ṣe dáadáa náà wà, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti ń gbé èrò láti 2021. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń lọ láti Marina sí Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, iná mànàmáná ló sì ń lò. Ẹni tó ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ àárọ̀, tó sì ti wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ò ní bèèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí owó epo fi yẹ kó ra irú rẹ̀ sí i. Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe reluwé tiwọn. Àyè ti wà, owó ni kò sí. Èmi ò rí ibòmíràn tí 60% owó epo tí òfin 2007 yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ ì bá wúlò sí ju ibẹ̀ lọ.

CNG náà dára, mo sì bá àwọn awakọ̀ tó ti yí ẹ́ńjìnnì wọn padà yọ̀, torí owó tí wọ́n ń ná dín kù púpọ̀, èéfín náà sì dín kù ju ti dísù lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàmù ní Benin bí wọ́n ṣe ń rọ gáàsì sí i, àwọn tó ń darí ètò náà sì sọ pé sílíńdà ayédèrú tí wọ́n jó pọ̀ ni. Ohun tí mo sọ nípa kátálíìsì náà nìyẹn: wẹ́dà ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ̀yin ọlọ́lá, ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó. Kí 5% náà ní àpò tirẹ̀, kí ó má wọ inú àpò gbogbogbòò tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ń pín. Kí wọ́n máa gbé e jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù: iye lítà tí wọ́n tà, iye owó tó wọlé, títì tí wọ́n fi tún ṣe àti kìlómítà tó jẹ́, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi rà, ẹni tó gba iṣẹ́. Kí olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà orílẹ̀-èdè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì ka àbọ̀ rẹ̀ nínú ìjókòó yín ní gbangba. Lẹ́yìn náà, kí apá kan lọ sí ọkọ̀ èrò, ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi, kí a sì kọ iye rẹ̀ sínú òfin kí mínísítà kan má baà lè yí i padà. Ẹ tún parí àbá òfin àjọ tó máa kó ìrìnnà pọ̀, kí ẹ sì fi ẹrù èéfín lé e lọ́wọ́ ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wa kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èbúté, níbi tí ọkọ̀ ti ń wọlé. Kenya ò gba ọkọ̀ tó ti ju ọdún 8 lọ wọlé, ọrọ̀ ajé wọn ò sì dojú dé. Ethiopia lọ jìnnà jùyẹn, láti 2024 ni wọ́n ti fòfin de kíkó ọkọ̀ epo wọlé. N kò ní ká ṣe bíi tiwọn, torí iná wa ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ́kùnbọ̀ tí kò ní kátálíìsì, ẹ dá a padà láti ojú omi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín ní ìdí sílénsà gan-an, tí ìwé rẹ̀ ò ní ṣeé gbà láìgbé ọkọ̀ wá. Ẹ sì fi nínú owó epo yìí yá awakọ̀ dánfó àti kórópe lówó láìsí èlé gọbọi, kí ó lè ta èyí tó gbó, kó sì ra èyí tó ń lo CNG tàbí iná. Bí ẹ bá kàn fi ọlọ́pàá lé e, yóò máa san owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí owó gáréèjì, èéfín ò sì ní dín kù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé nǹkan tó le tó báyìí ò yẹ ní ìgbà tí oúnjẹ wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n ń sọ. Ìdáhùn mi ni pé owó èéfín ti wà lọ́rùn wa tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn la ti ń san án, àwọn tí kò ní ọkọ̀ ló sì ń san jù. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì láti aago márùn-ún àárọ̀, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, kò ra lítà epo kan.

Nítorí náà, kí mínísítà tó kéde ọjọ́, ẹ pe ìjókòó ìtagbangba lórí 5% yìí. Ẹ má ṣe é ní Àbújá nìkan. Ẹ gbé e wá sí Èkó, Kánò, Onítṣà, Maiduguri àti Port Harcourt, ní ọjọ́ tí awakọ̀ tankà, mẹkáníìkì, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àti ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò lè wá. Kí FERMA mú ìwé owó 5% ti 2007 dání wá síbẹ̀, láti ọdún yẹn títí di òní, kí wọ́n kà á fún wa ní èdè tó yé wa. Bí ẹ bá ti fi ọjọ́ sí i, a ó wá.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ èrò lójoojúmọ́